Bí Mo Ṣe Lọ Fa Bàṣírà Lé Àwọn Onídìrí Ẹ̀pẹ́ Lọ́wọ́

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, kò sí oníbàárà kan tó jókòó sórí àga mi tí kò béèrè pé, "Àǹtí Àdùkẹ́, Èkó ńkọ́?" Kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì, irun á ti parí, oníbàárà á dìde, ẹlòmíràn á jókòó, òun náà á ní kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀fun mi ti gbẹ. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin ará Ọ̀ffà lè kà á fúnra yín, kí ẹ sì jẹ́ kí n ráyè ṣiṣẹ́ mi.

Kí n tètè já yín kulẹ̀ díẹ̀: Èkó tí ẹ ń rò yẹn kọ́ ni mo lọ. Mi ò gun afárá gígùn kankan, mi ò sì rí ilé tó ń kan ojú ọ̀run. Ìkòròdú ni mo kọ́kọ́ dé, Ẹ̀pẹ́ ni mo ń lọ. Ìpínlẹ̀ Èkó ni méjèèjì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní Ẹ̀pẹ́, omi ni wọ́n ń jí wò bí àwa ṣe ń jí wo oko.

Bàṣírà ló gbé mi lọ. Ẹ̀yin tó ti ń ṣe irun lọ́dọ̀ mi tipẹ́ mọ̀ ọ́n, ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó máa ń dákẹ́ ṣiṣẹ́ nídìí fèrèsé. Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ṣẹ́, èmi ni mo ṣe fúrídọ̀mù fún un nígbà tó kọ́ṣẹ́ tán, ẹgbẹ́ onídìrí Ọ̀ffà ló sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fẹ́ Kàmọ̀rù, ọmọ apẹja ará Ẹ̀pẹ́ tó wá kàwé lọ́dọ̀ wa. Ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sílé, ó bímọ, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ onídìrí ibẹ̀ fi wá fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà pa.

Wọn ò sọ pé ìwé Kwara kò dára. Wọ́n ní Kwara ló ti dára. Ẹni tó bá ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá fà á lé wọn lọ́wọ́, kí ẹni náà sì dìrun lójú ẹgbẹ́. Bí ọ̀gá kò bá wá, tàbí bí iṣẹ́ náà kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, yóò tún padà di ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíràn, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Nígbà tó pè mí lórí fóònù, kò sunkún, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí. Ó kàn ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú, wọ́n ní àfi ẹ̀yin." Mo di àpò ànàmọ́ kan, mo kó òòyà mi sínú báàgì, ó di ọ̀nà.

Ìkòròdú

Ọ̀dọ̀ Túndé, ọmọ àbúrò ìyá mi, ni mo wọ̀ sí, ní ẹ́sítéètì kan tí kò jìnnà sí Itamaga. Itamaga fúnra rẹ̀ bá mi lára mu. Ariwo ń lọ, ọjà ń lọ, ṣọ́ọ̀bù onídìrí kún ojú títì, gbogbo wọn ló sì lẹ àwòrán obìnrin onírun dídán mọ́ ara ògiri. Ṣùgbọ́n bí mo ti dé ẹnu géètì ẹ́sítéètì báyìí, ariwo náà dúró síta. Mẹ́gádì wo àpò ànàmọ́ mi, ó ní, "Mama, na who you dey find?"

Mo ní Túndé ọmọ mi ni.

Ó ní nọ́ńbà ilé ńkọ́? Ó ní Túndé pọ̀ níbẹ̀.

Ní Ọ̀ffà, ẹ á kàn dárúkọ bàbá ẹni náà ni, ọmọdé á sì mú yín dé ẹnu ọ̀nà. Níbẹ̀, nọ́ńbà ni baba ènìyàn. Ẹ̀gbẹ́ géètì ni mo jókòó sí, lórí ànàmọ́ mi, títí Túndé fi dé wá mú mi.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ilé ti ṣófo. Túndé á gba ọ̀nà tirẹ̀, Fúnmi ìyàwó rẹ̀ á gba Èbúté lọ, á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbi iṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, wọ́n á gbé oúnjẹ, àmọ́ oorun á ti máa gbé wọn lọ lórí àga. Mo kọ́kọ́ rò pé wọn ò fẹ́ mi nílé ni. Mo ní kí n bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, mo kí obìnrin kan ní òdìkejì ògiri pé ẹ kú àárọ̀ o. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo tó mọ̀ pé àárẹ̀ ni, kì í ṣe ìwà. Fúnmi tẹ́ ẹní, ó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi bí ọmọ kékeré, ó ní, "Àǹtí, ẹ gba orí mi o, ẹ má dá a padà." Bí mo ti ní ká gbé ẹní jáde síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà ló di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é nínú ilé, mà. Bí àwọn ẹgbẹ́ onídìrí àdúgbò bá rí yín níta, wọ́n á béèrè ìwé tí ẹ fi ń dìrun ní Ìkòròdú."

Ó fa kọ́tìnì. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Èmi tí mo ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di ọ̀gá! Èmi tí àwọn onídìrí ń dìde kí nígbà tí mo bá ń kọjá lójú ọjà Ọ̀ffà! Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni mo ti ń dìrun bí ẹni tó ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó ń ṣe Bàṣírà. Ènìyàn lè gbé ọwọ́ rẹ̀ kọjá ààlà, kí orúkọ rẹ̀ má bá a kọjá.

Ṣùgbọ́n irun dídì kò ṣeé fi pamọ́. Ọ̀rẹ́ Fúnmi kan yọjú wá yá nǹkan, ó rí orí Fúnmi, ó pariwo. Ó pe èkejì. Kí ọ̀sán tó pọ́n, yàrá ti kún. Àwọn obìnrin tí ògiri kan ṣoṣo pín níyà ń bi ara wọn léèrè orúkọ. Ìyáàfin tó wo ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí mo kí i náà wà níbẹ̀, ó ń jẹ ànàmọ́ sísè, ó ní òun ò jẹ èyí tó dùn tó báyìí rí. Mo fẹ́ràn wọn. Iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n ráyè ṣe ará ilé ara wọn ni, ọkàn wọn kò burú rárá.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Fúnmi ní, "Àǹtí, ó kan tiyín. Ẹ ṣí ìborí, ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ irun."

Ọwọ́ mi ti dé orí ìborí kó tó sọ̀rọ̀ tán. Mo ní tèmi ti wà bó ṣe yẹ, ó ṣeun.

Ọ̀rọ̀ náà máa tó jáde níwájú, nítorí náà kí n kúkú sọ ọ́: iwájú orí mi ti pá. Láti etí kan dé èkejì, ibi tó yẹ kí irun ti bẹ̀rẹ̀, awọ ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé ò mọ̀, Bàṣírà gan-an ò mọ̀. Inú yàrá ni mo ti ń tọ́jú orí mi, ìborí kì í sì í kúrò níbẹ̀. Ta ló fẹ́ gbé orí rẹ̀ fún onídìrí tí irun tirẹ̀ ti sá lọ?

Ọ̀nà

Láti Itamaga, ilé ń fọ́n ká, igi ń pọ̀ sí i, ọkàn mi ń balẹ̀. Ní Imota, obìnrin tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ na ìka sí ilé ìrẹsì ńlá ti ìjọba, ó ní, "Ìrẹsì wa nìyẹn," bí ẹni pé òun ló ń dáná sí i. Mo fún un ní ànàmọ́, mo ní tiwa nìyí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fún mi ní ọ̀jọ̀jọ̀ gbígbóná láti inú ọ̀rá rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ibi tí mò ń lọ, ẹ̀rín náà rọ̀.

"Ẹgbẹ́ onídìrí Ẹ̀pẹ́? Ha, Àlàájà! Obìnrin yẹn kì í gbọ̀jẹ̀gẹ́ o. Kí Ọlọ́run bá yín ṣe é."

Ọ̀jọ̀jọ̀ náà dùn. Àmọ́ láti ibẹ̀ lọ, mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ adùn rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀pẹ́

Bàṣírà ti ń dúró dè mí ní ibùdókọ̀, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn tọmọtọmọ, ó ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà, Àǹtí mi." Ó ti sanra díẹ̀. Mo ní kó dìde, kí ọmọ má baà ṣubú, mo sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà rí ojú mi.

Òórùn ẹja ló gba gbogbo ìlú náà, ẹja tútù, ẹja yíyan, ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú ọkọ̀. Lọ́jọ́ kejì, mi ò gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Ìyá Kàmọ̀rù, ìyá ọkọ Bàṣírà, ń ta ẹja bí ìyá tirẹ̀ ti tà á. Kò jẹ́ kí n jókòó kó tó ṣàdúrà fún mi tán. Láàárín ara wọn, Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń sọ, ó ń yára lọ, ìdajì rẹ̀ ni mò ń gbọ́. Bí wọ́n bá wá kọjú sí mi, wọ́n á rọra sọ Yorùbá tí mo mọ̀, bí ẹni tó ń fa ọmọdé lọ́wọ́ kọjá títì.

Wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ wá, ewùrà tí wọ́n rin, tí wọ́n sì fi epo àti ẹja sè. Nínú àwo tèmi, orí ọ̀bọ̀kún ló wà níbẹ̀, ó ń wò mí. Mo wo àwo àwọn tó kù, agbede méjì ẹja ló wà níbẹ̀. Inú bí mi. Mo ní nínú ara mi pé, mo ti Kwara wá, orí ni wọ́n kó fún mi? Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tó tíì fọwọ́ kan oúnjẹ. Èmi ni gbogbo wọn ń dúró dè. Bàṣírà tẹ̀ mọ́ mi, ó ní, "Àǹtí mi, àlejò pàtàkì ni wọ́n ń fún lórí." Àlejò lójú, kò fi ríran. Mo jẹ orí náà dé egungun, Ìyá Kàmọ̀rù sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, a rìn dé ṣọ́ọ̀bù. Ó kéré, ó mọ́, ó kọjú sí ọ̀nà omi. Àgádágodo ẹgbẹ́ wà lára ilẹ̀kùn, ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ lójú mi. Lókè rẹ̀, Bàṣírà ti kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sí pátákó: ỌWỌ́ ÀǸTÍ.

"Àǹtí wo nìyẹn?" mo bi í.

"Ẹ̀yin náà ni, mà."

Mo fọwọ́ kan àgádágodo náà. Ó gbóná nítorí oòrùn. Bàṣírà wá ṣàlàyé bí ọjọ́ kejì yóò ṣe rí. Lẹ́yìn tí òun bá dìrun tán, alága á bi mí níwájú Ọlọ́run àti níwájú ẹgbẹ́ bóyá ọwọ́ mi nìyẹn. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, a jẹ́ pé kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, kó lọ bẹ̀rẹ̀.

"'Bẹ́ẹ̀ ni' kò wúwo lẹ́nu," mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé.

Ọjọ́ Ajé

Ọjọ́ Ajé, àwọn onídìrí Ẹ̀pẹ́ kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù, ìpàdé ni wọ́n ń ṣe. Inú pálọ̀ Àlàájà alága ni wọ́n jókòó sí. Wọ́n ti gbogbo fèrèsé, ọkùnrin ò sí nítòsí, àwọn kan sì ti bọ́ hìjáàbù, ó ku ìborí péńpé. Ẹ ò lè rí ibi tí wọ́n ti níwà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n sàláámù sí mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bi mí léèrè ilé, wọ́n fún mi ní àga tó rọ̀ jù. Àlàájà kúrú, ohùn rẹ̀ ló ga. Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Ọ̀ffà! Ìjàkadì lorò Ọ̀ffà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé wa ṣánlẹ̀ o."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ara mi yá. Ara tó yá yẹn ló fa gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti mú ọmọbìnrin kan wá, irun rẹ̀ kún dáadáa, wọ́n ní kí Bàṣírà dì í. Àlàájà wá bi mí bí àṣà wọn, pé ṣé ọ̀gá fara mọ́ orí yìí?

Ó yẹ kí n ní bẹ́ẹ̀ ni, kí n sì dákẹ́. Àmọ́ ẹ mọ ẹnu mi. Mo dìde, mo tún ìró mi ró, mo ní, "Àlàájà, orí yòówù tó bá wà nínú ilé yìí! Ẹni tí èmi Àdùkẹ́ bá kọ́, kò sí orí tó ń dẹ́rù bà á."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àlàájà kò pàtẹ́wọ́. Ojú rẹ̀ ń lọ láti orí dé orí, ó wá dúró sórí ìborí mi.

"Tiyín ńkọ́?" ó ní. "Àbí orí tiyín kò sí nínú ilé yìí ni?"

Àìmẹnu, àìmètè, níí mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọwọ́ mi ti lọ sí ìdí ìborí, Bàṣírà sì rí i. Kò mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ mí.

"Àlàájà, ẹ dákun," ó ní, "ọ̀nà jìn, ó ti rẹ Àǹtí mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ti ọmọ yìí."

"Ọ̀gá ti sọ̀rọ̀," ni Àlàájà fèsì. "Ní Ẹ̀pẹ́, a kì í dá ọ̀rọ̀ ọ̀gá padà sí i lẹ́nu."

Mo lè ní orí ń fọ́ mi. Mo rò ó. Mo wá rántí àgádágodo yẹn, àti pátákó tó wà lókè rẹ̀. Mo jókòó sórí àga, mo tú ìborí.

Atẹ́gùn fáànù kan iwájú orí mi níbi tí nǹkan kan kò ti kàn án rí níta yàrá. Ojú tì mí débi pé mo di ojú mi. Lẹ́yìn náà ni mo mọ àtẹ́lẹwọ́ kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó bo ibi tó pá náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Bàṣírà ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí etí mi, ó ní, "Ẹ kú ìrìn, Àǹtí mi," bí ẹni pé ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkó, níbi tí irun ti lágbára, ó ń mú ìlà kọ̀ọ̀kan bọ̀ wá síwájú. Ẹ̀yin tó ń dìrun lọ́dọ̀ mi mọ ọwọ́ mi. Bí ẹ bá dìde lórí àga mi, ẹ kì í lè dijú tán, ẹ sì máa ń yìn mí pé ìdì Àǹtí kì í tú bọ̀rọ̀. Ọwọ́ tó wà lórí mi yìí kò fà mí. Bó ti ń sún mọ́ iwájú ló ń rọ̀ sí i. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní wọ́n á ní ó dẹ̀, wọ́n á ní kò mọ̀ ọ́n dì. Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ fún un pé, "Fà á!" Kò fà á. Nígbà tó dé ibi tí irun pin sí, ó tẹ orí àwọn ìlà náà síwájú wẹ́rẹ́, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó mọ ilé ara rẹ̀.

Àlàájà dìde. Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan, ó fa ọ̀kan wò, ó tẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbé dígí fún mi. Ó ní, "Ọ̀gá, níwájú Ọlọ́run àti níwájú ẹgbẹ́, ṣé ọwọ́ yín nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" kò wúwo lẹ́nu, mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Mo wo dígí. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó lẹ́wà, tí mi ò rí fún ọjọ́ pípẹ́.

"Rárá," mo ní.

Ọwọ́ Bàṣírà kúrò ní èjìká mi.

"Ọwọ́ mi kọ́," mo ní. "Ọwọ́ tèmi le. Ẹ wo iwájú orí mi, ìdì líle ló kó irun ibẹ̀ lọ. Mo kọ́ ọmọ yìí bí a ṣe ń la ojú irun, mo kọ́ ọ bí ìlà ṣe ń gún. Ìrọ̀rùn tó wà nínú ọwọ́ yìí, mi ò kọ́ ọ, nítorí mi ò ní in. Tirẹ̀ ni. Bí ẹ bá ní kó tún lọ kọ́ṣẹ́, ẹ fi ẹni tó máa kọ́ ọ hàn mí, kí èmi náà lè bá a lọ."

Mo ní ó ti parí, mo ti fi ẹnu mi ba tọmọ jẹ́. Àlàájà wò mí títí. Ó wá gbé ọwọ́ sókè, ó tú ìborí tirẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, iwájú orí Àlàájà dán ju tèmi lọ.

"Dìde níbẹ̀, ọmọ Ọ̀ffà," ó ní, "ó ti tó o." Ó jókòó sórí àga tí mo dìde kúrò lórí rẹ̀. Ó ní kí akọ̀wé fún Bàṣírà ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé orí sẹ́yìn, ó ní, "Ìyàwó wa, bọ́ sẹ́yìn mi. Kí o rọra o."

Ibẹ̀ ni gbogbo ilé ti bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà nínú ẹ̀rín ẹlòmíràn. Mo wo yíká. Ìborí ń tú níhìn-ín, ó ń tú lọ́hùn-ún. Bàṣírà ń sunkún bó ti ń la irun Àlàájà, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n.

Ilé

Wọ́n di ẹja yíyan fún mi débi pé òórùn rẹ̀ ló ṣáájú mi wọ Ìkòròdú. Mẹ́gádì kò bi mí ní nọ́ńbà mọ́, ó ní, "Mama, welcome." Fúnmi wo orí mi, ó wo ojú mi, ó dì mọ́ mi. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, nítorí náà ni mo ṣe padà, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mi ò wẹ̀yìn wò.

Ẹ ti rí i pé mi ò dé ìborí mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ti rí ohun tó wà níbẹ̀, ẹ sì ṣeun tí ẹ ò sá lọ. Àwọn kan nínú yín ti ń ráhùn pé ìdì mi ti dẹ̀, pé ṣé àárẹ̀ Èkó ni. Ẹ ní sùúrù fún mi, ẹ̀kọ́ ni mò ń kọ́.

Ẹ̀yin tó sì ń wo irun orí mi, tí ẹ ń béèrè ẹni tó dì í, ìdáhùn mi kò ní yí padà. Ọ̀gá mi ni. Ẹ̀pẹ́ ló wà.